Oúnjẹ alẹ́ àwọn ará Mẹ́síkò nínú ilé ìdáná Ògbómọ̀ṣọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Olùkọ́ ni mí, ọmọ mẹ́ta ni mo bí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni a sì ń gbé. Àwọn ọmọ rí oúnjẹ Mẹ́síkò kan tí wọ́n ń pè ní tákò lórí fóònù, láti ìgbà náà ni wọn kò ti jẹ́ kí n gbádùn. Mo wo páálí rẹ̀ ní ilé ìtajà ńlá kan, owó rẹ̀ bà mí lẹ́rù. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń dé láti ibi iṣẹ́, bàbá wọn kò sì fẹ́ràn oúnjẹ gbígbẹ ní alẹ́. Ǹjẹ́ a lè fi ohun tí ó wà ní ọjà wa se irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀? Ṣé a sì lè fi ìyẹ̀fun àgbàdo tiwa ṣe pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ká ẹran rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. A lè fi ohun tí ó wà ní ọjà Jagun àti ọjà Wàsò se é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ kò sì nílò páálí yẹn rárá. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ìyẹn tákò líle tí wọ́n ti dín sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́, tí ó tẹ̀ bí òṣùpá tuntun, tí ó sì ń rún bíi bisikíìtì bí a bá ti gé e jẹ, ọjà àwọn ará Amẹ́ríkà ni. Ní Mẹ́síkò fúnra rẹ̀, tákò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jẹ ní òpópónà àti nínú ilé jẹ́ pẹlẹbẹ rírọ̀ tí ó ṣì gbóná, tí a bu ẹran tàbí ẹ̀wà sí láàárín, tí a sì fi ọwọ́ ká. Pẹlẹbẹ náà ni wọ́n ń pè ní tòtíyà. Ohun tí àwọn ọmọ ń béèrè àti ohun tí bàbá wọn ń fẹ́ kò wá jìnnà sí ara wọn bí ẹ ti rò. Ohun mìíràn tí yóò bá yín lára mu ni pé oúnjẹ ńlá ojúmọ́ lọ́dọ̀ wọn ni èyí tí wọ́n ń jẹ ní ọ̀sán, láàárín agogo méjì sí mẹ́rin; ti alẹ́ a máa fúyẹ́, kì í sì í pẹ́ lórí iná.

Àwa tí a ń ki Ògbómọ̀ṣọ́ ní Àjílété, ibi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mùkọ yangan, a kì í sábà rántí pé àlejò ni yangan náà nígbà kan rí. Ilẹ̀ Mẹ́síkò ni àwọn àgbẹ̀ ti sọ koríko kan tí à ń pè ní teosinte di àgbàdo, ní nǹkan bí ọdún 9,000 sẹ́yìn. Ọ̀dọ̀ wọn ni píà ti wá, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gbin ata àti tòmáàtì kí ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ tiwa tó mọ̀ wọ́n. Láti inú ọ̀rọ̀ náà tomatl, ní èdè Nahuatl tí àwọn Aztec, ẹ̀yà ìbílẹ̀ Mẹ́síkò kan, ń sọ, ni ọ̀pọ̀ èdè ayé ti mú orúkọ tòmáàtì. Lẹ́yìn ọdún 1492 tí Columbus tukọ̀ dé apá ayé yẹn ni àwọn ará Sípéènì àti àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn irúgbìn wọ̀nyí káàkiri, tí wọ́n sì ń kó ìrẹsì, àlùbọ́sà, aáyù, màlúù àti ọsàn wẹ́wẹ́ lọ sí ọ̀hún. Ẹ̀yà kan náà ni ata ródó wa àti ata habanero tí àwọn ará Yucatán ní Mẹ́síkò kì í fi ṣeré. Nígbà tí UNESCO fi oúnjẹ ìbílẹ̀ Mẹ́síkò sínú àkójọ ogún àṣà aráyé ní ọdún 2010, àgbàdo, ẹ̀wà àti ata ni wọ́n pè ní ìpìlẹ̀ rẹ̀. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò sí nínú ilé ìdáná yín lónìí?

Iná ni ó fa ìyàtọ̀. Àwa a máa lọ ata ní tútù, a ó sè é títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, a ó wá dín in nínú òróró títí òróró yóò fi là lójú ọbẹ̀. Àwọn a máa gbé tòmáàtì, ata, àlùbọ́sà àti aáyù ní odindi sórí páànù gbígbẹ tí kò ní òróró kankan, wọ́n ó sun wọ́n títí ara wọn yóò fi dúdú níhìn-ín lọ́hùn-ún, lẹ́yìn náà ni wọn yóò tó lọ̀ wọ́n. Ọ̀dọ̀ obìnrin ará Mẹ́síkò kan, tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe ìwádìí nípa àgbàdo ní Ìbàdàn, ni mo ti kọ́ èyí nígbà tí mo ń dáná ní ilé àlejò kan níbẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó ní kí n bá òun se ata, òróró ni mo kọ́kọ́ gbé kaná. Ó gbé e kúrò láìsọ̀rọ̀, ó sì kó tòmáàtì lé páànù lásán. Mo rò pé ó fẹ́ ba oúnjẹ jẹ́ ni, nítorí ohun tí a fi tọ́ mi dàgbà ni pé ohun tí ó bá jóná yóò korò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó lọ̀ ọ́ tán tí ó sì fi ìka bù ú sí mi lẹ́nu, mo rí i pé ó dùn, ó ní òórùn èéfín, kò sì ní ìkan tòmáàtì tútù tí à ń fi wákàtí kan dín lórí iná kí ó tó lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni gbogbo rẹ̀ gbà á. Bí ẹ kò bá mú nǹkan mìíràn nínú ìdáhùn yìí, ẹ mú èyí.

Orúkọ ọbẹ̀ náà ni sálsà, ó sì dára kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, nítorí òun ni yóò wọ gbogbo oúnjẹ tí mo fẹ́ sọ lẹ́yìn èyí. Ẹ wá tòmáàtì mẹ́fà tí ó pọ́n tí kò sì rọ̀ jù, àlùbọ́sà ńlá kan tí a gé sí mẹ́rin, hóró aáyù mẹ́ta tí a kò bó, àti ata ródó kan tàbí ṣọ̀ǹbọ̀ méjì. Ẹ gbé páànù irin tí ó wúwo kaná, kí ó gbóná dáadáa, kí ẹ sì tò wọ́n sí i láìfi òróró kàn án. Ẹ ṣí fèrèsé o, ẹ sì lé àwọn ọmọ jáde, nítorí bí ata bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ikọ́ rẹ̀ kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Aáyù àti ata ni yóò kọ́kọ́ tó yọ, bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́fà. Tòmáàtì àti àlùbọ́sà lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí méjìlá, kí ẹ máa yí wọn. A kò fẹ́ kí wọ́n di èédú. Awọ wọn ni a fẹ́ kí ó dúdú lójú-lójú, kí inú wọn sì rọ̀. Ẹ bó aáyù, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ sórí ọlọ tàbí sínú bílẹ́ńdà pẹ̀lú iyọ̀. Bí ó bá jẹ́ bílẹ́ńdà ni, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta péré kí ẹ sì dáwọ́ dúró, nítorí sálsà tí ó bá kúnná bí ògì ti pàdánù ohun tí ó mú un jẹ́ sálsà. Èmi fẹ́ràn ọlọ. Àwọn náà ní tiwọn, odó òkúta dúdú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní molcajete. Nígbà tí ó bá ti tutù díẹ̀ ni ẹ óò fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ ìdajì sí i. Ẹ má ṣe fi mágì sí i. Bí ẹ bá sun ún dáadáa, kò ní béèrè rẹ̀. Ní àsìkò tí tòmáàtì bá wọ́n, tàtàṣé ńlá méjì lè gba ipò mẹ́ta nínú tòmáàtì mẹ́fà náà, ó kàn máa dùn díẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, kí ẹ wá fi ọsàn wẹ́wẹ́ kún un.

Nísinsìnyí, tòtíyà. Ìyẹ̀fun fúláwà ni ẹ óò fi ṣe é, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀, nítorí ní ìhà àríwá Mẹ́síkò, ní ìpínlẹ̀ bíi Sonora, fúláwà ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn láti ìgbà tí àwọn ará Sípéènì ti gbé wíìtì dé. Ẹ wọn ife fúláwà mẹ́ta, ṣíbí ìmutíì iyọ̀ kan, àti ṣíbí ìjẹun òróró márùn-ún. Ẹ fi ọwọ́ ra òróró mọ́ fúláwà títí yóò fi dà bí iyanrìn tútù. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò máa da omi gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀, omi tí ọwọ́ lè gbà, tí kò ní tó ife kan tán. Kò sí yíìsì, kò sí páúdà, kò sí ṣúgà. Ẹ pò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó rọ̀ bí etí ọmọdé, kí ẹ bò ó mọ́lẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìsinmi yìí ṣe pàtàkì: bí ẹ bá kánjú yí i, yóò máa sún padà bí rọ́bà. Ẹ pín in sí ọ̀nà méjìlá, kí ẹ fi ìgò tí a ti fọ̀ mọ́ yí ìkọ̀ọ̀kan títí yóò fi fẹ́lẹ́ dé ibi tí ẹ lè máa rí òjìji ọwọ́ yín láti òdì kejì.

Páànù gbígbẹ kan náà tí ẹ fi sun ata ni ẹ óò fi yan án, kí ó gbóná gidigidi. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ óò rí i tí ojú rẹ̀ ń wú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ yí i, ẹ fún apá kejì ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, ó ti jinná. Tèmi àkọ́kọ́ le bí awọ bàtà, àbúrò mi sì fi í ṣẹ̀fẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ohun méjì ni mo ṣì ṣe: mo dín iná kù nítorí pé mo bẹ̀rù kí ó má baà jóná, mo sì tò wọ́n sórí àwo láìbò wọ́n. Iná kékeré a máa gbẹ omi inú rẹ̀ kí ó tó jinná. Bí ẹ bá sì ti gbé e kalẹ̀, inú aṣọ mímọ́ ni ó yẹ kí ó wọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n máa lé orí ara wọn níbẹ̀, kí ooru ara wọn sì máa rọ̀ wọ́n. Kúlà oúnjẹ tí a fi ń kó ẹ̀kọ tàbí mọ́ínmọ́ín dára fún èyí ju àwo lọ.

Ẹ béèrè nípa àgbàdo. Tòtíyà àgbàdo ni ti ìbílẹ̀ wọn gan-an, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun àgbàdo wa kò lè ṣe é fúnra rẹ̀, ìdí rẹ̀ sì dùn ún mọ̀. Àwọn kì í lọ àgbàdo gbígbẹ lásán bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í rẹ ẹ́ kan bí a ti ń ṣe ògì. Wọ́n a máa fi omi tí wọ́n pò mọ́ irú ẹfun kan tí wọ́n ń pè ní cal sè é, wọn yóò fi í sílẹ̀ sínú omi náà mọ́jú, wọn yóò fọ èèpo rẹ̀ nù, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ ní tútù. Ẹfun yìí ni ó ń tú èèpo àgbàdo, òun ni ó ń mú kí ìyẹ̀fun náà di ara rẹ̀ mú tí a bá tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Ó tún ń tú èròjà aṣaralóore kan tí ó ń jẹ́ niacin sílẹ̀ nínú àgbàdo kí ara lè rí i lò. Nígbà tí àwọn ará Yúróòpù gba àgbàdo láìgba ọgbọ́n yìí, àwọn tálákà tí kò rí ohun mìíràn jẹ lẹ́yìn àgbàdo bẹ̀rẹ̀ sí í ní àrùn awọ ara tí à ń pè ní pellagra. Ní Sípéènì ni oníṣègùn kan tí ó ń jẹ́ Gaspar Casal ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀, ní ọdún 1735. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tìtorí èyí lọ bu ẹfun tí wọ́n ń tà fún ìkunlé tàbí èyí tí wọ́n ń tà lórí àtẹ eléwé ọmọ sínú ìkòkò. Èyí tí a ń jẹ yàtọ̀ sí wọn.

Ohun tí mo máa ń ṣe tí ó bá wù mí kí òórùn àgbàdo wà nínú rẹ̀ ni pé mo máa ń po ife ìyẹ̀fun àgbàdo kan, èyí tí a fi asẹ́ aláṣọ jọ̀ dáadáa, mọ́ ife fúláwà méjì. Mo máa ń fi omi tí ó ń hó ta àgbàdo náà lójú ná, kí n fi í sílẹ̀ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí n tó da fúláwà lé e. Omi híhó náà a máa mú kí ó lẹ̀ díẹ̀. Ó máa ń ya létí ju ti fúláwà nìkan lọ, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ súnmọ́ ti ọ̀hún. Ẹ kọ́kọ́ fi fúláwà nìkan kọ́ ọwọ́ yín ná.

Fún tákò àwọn ọmọ, adìyẹ tí àwọn ará Puebla ní Mẹ́síkò ń pè ní tinga ni mo yàn fún yín. Ẹ bọ ìdajì adìyẹ pẹ̀lú àlùbọ́sà, iyọ̀ àti aáyù kan. Bí ó bá jẹ́ adìyẹ tí ó ti yé ẹyin tán, ẹ fún un ní wákàtí kan ó lé, ẹ má sì da omi rẹ̀ nù. Bí ó bá ti tutù, ẹ fi ọwọ́ fa ẹran náà ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ní ọ̀nà tí iṣan rẹ̀ gbà. Ẹ gé àlùbọ́sà méjì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ fi ṣíbí òróró méjì rọ̀ ọ́ lórí iná, kí ẹ da sálsà sí i, ìdajì ife omi ẹran, lẹ́yìn náà ni ẹran yóò wọlé. Bí omi rẹ̀ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ó ti di tinga. Ata tí wọ́n fi ń se é ní ọ̀hún ni chipotle, ìyẹn ata jalapeño pípọ́n tí a fi èéfín gbẹ. Èyí tí ó súnmọ́ ọn jù lọ lọ́dọ̀ wa ni ṣọ̀ǹbọ̀ tí a sun lórí èédú gan-an dípò páànù. Ní ti ata àwọn ọmọ, ẹ yọ irúgbìn inú rẹ̀ kúrò, kí ẹ tọ́jú ata gbígbóná sínú àwo kékeré fún ẹni tí ó bá fẹ́ bù kún tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Mẹ́síkò náà nìyẹn.

Bàbá wọn ńkọ́? Oúnjẹ tí mo máa ń gbà níyànjú fún irú wọn ni pipián, mo sì gbà pé kò sí oúnjẹ Mẹ́síkò tí yóò yá ọmọ Yorùbá lára tó o. Ẹ̀gúsí wọn ni. Àwọn a máa yan kóró elégédé lórí páànù gbígbẹ, wọn yóò lọ̀ ọ́ mọ́ ata àti tòmáàtì sísun, wọn yóò fi omi adìyẹ là á, wọn yóò sì sè é di ọbẹ̀ tí ó ki, tí wọ́n ń dà lé adìyẹ lórí. Elégédé àti bàrà tí a ń yọ ẹ̀gúsí lára rẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà, ṣùgbọ́n ìbátan ni wọ́n, ọbẹ̀ náà kò sì mọ ìyàtọ̀. Ẹ yan ife ẹ̀gúsí bíbó kan lórí iná kékeré, kí ẹ máa rò ó láìdúró. Ẹ óò gbọ́ tí yóò máa ta pá-pá, tí yóò wú, tí àwọ̀ rẹ̀ yóò sì yí díẹ̀. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí láàárín wúrà àti dúdú, ìṣẹ́jú kan kò sí níbẹ̀. Nígbà tí ó bá tutù, ẹ lọ̀ ọ́ kí ó kúnná, kí ẹ pò ó mọ́ sálsà. Ẹ gbé ṣíbí òróró méjì kaná, ẹ da àdàlù náà sí i, ẹ dín in fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wá máa fi omi adìyẹ ife mẹ́ta là á díẹ̀díẹ̀. Ẹ dín iná kù, kí ẹ máa rò ó fún ogún ìṣẹ́jú. Kì í dì bí ẹ̀gúsí ìjẹyán. Ó yẹ kí ó máa ṣàn lára ṣíbí, kí òróró ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í là lójú. Ẹ má fi irú sí i, ẹ má fi ẹja gbígbẹ sí i, ẹ má fi ẹ̀fọ́ sí i. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín yóò fẹ́ nà sí igbá irú. Ẹ dá a dúró lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ gbọ́ ohun tí ẹ̀gúsí yíyan ń sọ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá sọ̀rọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Adìyẹ kan náà tí ẹ bọ̀ fún tinga ni yóò bọ́ sínú rẹ̀, nítorí náà ìkòkò kan ni ó bọ́ ilé méjèèjì.

Wọ́n lè fi tòtíyà jẹ pipián náà, tàbí kí wọ́n fi ìrẹsì pupa jẹ ẹ́. Ìrẹsì yìí súnmọ́ jọ̀lọ́ọ̀fù, ṣùgbọ́n ohun kan yà wọ́n: ìrẹsì ni wọ́n ń kọ́kọ́ dín, kì í ṣe ata. Ẹ fọ ife ìrẹsì méjì, ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ ro dànù pátápátá, kí ẹ dín in nínú òróró títí yóò fi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ tó da ife tòmáàtì, àlùbọ́sà àti aáyù lílọ̀ kan lé e. Bí ìyẹn bá ti gbẹ, ẹ da omi ẹran ife mẹ́ta sí i, iyọ̀, kárọ́ọ̀tì tí a gé wẹ́wẹ́, kí ẹ dé e, kí ẹ má sì rò ó mọ́ rárá títí yóò fi jinná.

Ẹ̀wà náà rọrùn. Èyí tí wọ́n ń pè ní refritos kì í ṣe ẹ̀wà tí a dín lẹ́ẹ̀mejì bí àwọn kan ti ń sọ. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ ni pé a dín in dáadáa. Ẹ̀wà dúdú tàbí ẹ̀wà aláwọ̀ pupa ni tiwọn, tí ó jẹ́ ẹ̀yà mìíràn sí ẹ̀wà wa tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, ṣùgbọ́n ẹ̀wà olóyin a máa ṣe é dáadáa, ó sì ń yára jinná ju tiwọn lọ. Ẹ mú ife méjì nínú ẹ̀wà tí ó ti rọ̀ pẹ̀lú omi ara rẹ̀, ẹ dà á sínú àlùbọ́sà tí ẹ ti fi òróró dín títí ó fi pọ́n, kí ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi di ohun tí ó ki tí ó sì ń dán. Bí ẹ bá fi omi ẹran là á kí ó ṣàn, tí ẹ ri tòtíyà bọ inú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹ ká a, tí ẹ sì wọ́n wàrà lé e, ó ti di enfrijoladas, oúnjẹ alẹ́ kíkún tí kò ní ẹran kankan, tí ó sì rẹ dáadáa fún ẹni tí kò fẹ́ gbígbẹ.

Mo dárúkọ wàrà. Àwọn tí ń béèrè wàràkàṣì olówó gọbọi fún oúnjẹ Mẹ́síkò kò mọ̀ pé èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ fọ́ lé oúnjẹ lórí ní ọ̀hún, queso fresco, jẹ́ wàrà funfun rírọ̀ tí kì í yọ́ lórí iná, gẹ́gẹ́ bí wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń fi omi ewé bọmubọmu mú dì tí wọ́n sì ń gbé kiri ìlú wa. Tiwa kàn máa ń wá láìsí iyọ̀ ni. Ẹ fún omi rẹ̀ dànù nínú aṣọ, ẹ fi ọwọ́ fọ́ ọ, ẹ wọ́n iyọ̀ sí i, kí ẹ kọ́kọ́ ta á sí páànù gbígbóná fún ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí wàrà tí a rà ní ìta kò yẹ kí ó wọ ẹnu ọmọ láìrí iná. Èmi a máa pò ó mọ́ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí mo fi àlùbọ́sà dín, kí n fi wọ́n sáàárín tòtíyà tí mo ṣẹ́ po, kí n sì yan án. Ẹ má rò pé mo ń da Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ mọ́ ọn: àwọn náà ń jẹ ewé tẹ̀tẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an, quintonil ni wọ́n ń pè é.

Ní àsìkò píà, ẹ tẹ píà kan tí ó rọ̀ mọ́ àlùbọ́sà tútù gígé, ata díẹ̀, iyọ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́, ó ti di guacamole. Ewé coriander ni wọ́n ń gé sí i ní ọ̀hún. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ fi ewé àlùbọ́sà rọ́pò, ẹ má fi efinrin sí i, nítorí efinrin yóò gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Kúmínì tí ó kún inú àwọn páálí èròjà olówó ńlá wọ̀nyẹn, ti àwọn ará Texas ni ó pọ̀ jù. Ẹ lè máa sè é fún ọdún kan láìrà á.

Ní ti àkókò, ẹ bọ adìyẹ àti ẹ̀wà ní ọjọ́ Sátidé tàbí Sunday bí ẹ bá ní fíríìjì tí iná ń dé sí. Bí kò bá sí iná, ìrọ̀lẹ́ tí ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ gan-an ni kí ẹ bọ adìyẹ. Ẹ má fi ẹ̀wà sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́ ní àsìkò ooru. Bí ẹ bá ti wọlé, fúláwà ni kí ẹ kọ́kọ́ pò. Láàárín ìgbà tí ó ń sinmi ni ẹ óò sun ata tí ẹ óò sì se ọbẹ̀, àwọn ọmọ ni yóò sì máa fi ìgò yí tòtíyà nígbà tí ẹ bá ń yan án. Àwọn tí ó bá rí ribiti kò ní ju méjì lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, èyí kò sì ní dí jíjẹ lọ́wọ́.

Èyí tí ó bá ṣẹ́kù ní ọjọ́ kejì yóò ti le. Ẹ má dà á nù. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ dín in kí ó pọ́n, ẹ da sálsà gbígbóná lé e lórí iná fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ dín ẹyin kọ̀ọ̀kan sí i lórí. Chilaquiles ni orúkọ rẹ̀, oúnjẹ àárọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ní ilé tèmi, alẹ́ ọjọ́ Monday ni a ń jẹ ẹ́.